Ìkòkò Gíríìkì Nínú Àgbàlá Anoumabo

Orí àkàbà ni mo wà lọ́jọ́ tí ọkùnrin ará Gíríìkì náà kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń kun ògiri ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Marcory. Mo ti ya orí àwọn obìnrin sí i pẹ̀lú oríṣiríṣi irun dídì, mo wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fa pàtẹ́wọ́ orí èyí tó kẹ́yìn, nígbà tí ohùn kan ti ìsàlẹ̀ wá lédè Faransé.

"Ọmọ mi, ta ló kọ́ ẹ láti fa ìlà gígùn báyìí láì gbọ̀n?"

Mo wo ìsàlẹ̀. Òyìnbó arúgbó kan ni, irunmú rẹ̀ kún bí ìgbálẹ̀, ó wọ sálúbàtà, ó sì fi búrẹ́dì há abíyá.

"Ẹ̀rù ló kọ́ mi, patron," ni mo dáhùn, bí a ṣe ń pe ọ̀gá ní Abidjan. "Bí mo bá gbọ̀n níbí, màá já bọ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé búrẹ́dì rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Bí iṣẹ́ tó yí ilé wa padà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Deux mille un, 2001, ni ọdún náà. Mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán, àmọ́ nílé wa, kò tíì sẹ́ni tó gbà pé iṣẹ́ ni. Ìyá mi ń ta aṣọ lọ́jà Marcory. Bàbá mi ń ta abọ́ tánganran ní Treichville. Ìsẹ́yìn làwọn méjèèjì ti wá, Abidjan ni wọ́n sì bí àwa ọmọ sí. Bí ìyá mi bá fi Yorùbá pè wá, Faransé la fi ń dá a lóhùn, òun náà á tún fi Yorùbá fèsì, ọ̀rọ̀ náà á sì máa lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró. Òǹkà nìkan ni òun fúnra rẹ̀ máa ń fi Faransé ṣe. Tí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ni èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe, yóò ní, "Ó ń kun nǹkan," bí ẹni ń sọ pé ara ọmọ òun ò fi bẹ́ẹ̀ yá.

Ọkùnrin Gíríìkì náà, ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ló fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tún ṣe. Ọkọ̀ ìkẹyìn tó gbé e dé ló bàjẹ́ sí èbúté Abidjan. Wọ́n ní kí ó dúró dè é títí wọn yóò fi tún un ṣe, ó dúró, kò sì lọ mọ́. Nísinsìnyí ó fẹ́ ṣí maquis kan ní Vridi, ilé oúnjẹ tí kò ní ju òrùlé àti òpó lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń gba inú kánáàlì wọ èbúté. Ó ní ẹja ni òun yóò máa dín, àti pé òun fẹ́ kí àwọn ìkòkò ńláńlá dúró ní ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n ya àwòrán sí wọn lára bí àwọn baba ńlá òun ṣe ń ya á.

Ó gbé ìwé kan fún mi, fọ́tò ló kún inú rẹ̀. Mo ṣí i nínú gbáká, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé mi lọ sílé, mo sì kọjá ibi tí mo fẹ́ sọ̀.

Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Àwọ̀ àwọn ìkòkò náà pupa bí ilẹ̀ Bingerville lẹ́yìn òjò. Àwọn ènìyàn tó wà lára wọn dúdú kirimú, wọ́n sì ti fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó họ irungbọ̀n, ìṣẹ́po aṣọ àti ìyẹ́ ẹyẹ sára dúdú yẹn, títí pupa abẹ́ rẹ̀ fi yọ. Gbogbo wọn ló kọ ẹ̀gbẹ́ sí èèyàn, síbẹ̀ ẹyinjú wọn ń wo ẹni tó ń wò wọ́n ní tààrà. Ọkùnrin kan so ara rẹ̀ mọ́ òpó ọkọ̀, àwọn ẹyẹ tó ní orí obìnrin sì ń kọrin sí i. Òmíràn ń bá ẹranko kan jà, ẹranko tó jẹ́ màlúù láti ọrùn lọ sókè, tó jẹ́ èèyàn láti ọrùn wá sílẹ̀. Àwọn jagunjagun méjì jókòó, wọ́n ń ta ayò, ọ̀kọ̀ wọn ṣì wà léjìká, bí ẹni pé ogun lè ní sùúrù títí wọn yóò fi ta á tán.

Obìnrin amọ̀kòkò kan lójú ọ̀nà Bingerville ló bá wa mọ àwọn ìkòkò náà. Ó ti ń mọ àmù omi láti ìgbà èwe rẹ̀, ọwọ́ méjì tí a ní kó fi sí i lọ́rùn ló pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní ìkòkò tó bá ní ọwọ́ méjì báyìí, àfi bí ìyàwó tó káwọ́ mọ́ ìbàdí ń retí ọkọ tó pẹ́ dé. A kó wọn wá sí àgbàlá wa ní Anoumabo, a tò wọ́n sábẹ́ igi máńgòrò, àwọn ayálégbé yòókù sì ń yẹra fún wọn bí ẹni ń kọjá lára àlejò.

Èyí tí mo kọ́kọ́ yà bàjẹ́. Patron ti kà á fún mi pé àwọn ará àtijọ́ kì í lo ọ̀dà. Amọ̀ tó kúnná ni wọ́n fi ń ya á, iná ló sì ń sọ ọ́ di dúdú. Èmi ò ní irú ààrò bẹ́ẹ̀, ọ̀dà dúdú ni mo lò. Mi ò dúró kí ìkòkò gbẹ dáadáa, ọ̀dà náà sì ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n ṣe tán, mo fa irin kan yọ lára agbòòrùn bàbá mi tó ti kọṣẹ́, mo pọ́n ẹnu rẹ̀ lára òkúta, òun ni mo fi ń họ àwọn ìlà wẹ́wẹ́ náà. Iṣẹ́ tó dùn ni. Wàá fi dúdú kun gbogbo èèyàn, wàá wá máa họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ojú yóò yọ, èékánná yóò yọ, bí ẹni pé wọ́n ti wà nínú ìkòkò látẹ̀yìnwá tí wọ́n kàn ń retí ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, bàbá mi máa ń gbé àpótí rẹ̀ wá sábẹ́ igi, á jókòó, á máa wò mí. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ tí mo ya akọni kan tó ń fún kìnnìún lọ́rùn ló tó lanu. Nínú ìwé patron, akọni náà ò wọ nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe bí i ló ṣe wà, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe yà á.

Bàbá mi wò ó títí. Ó wúkọ́.

"Ọmọ mi, ẹranko tó ń bá jà yìí, kìnnìún ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó sì ní eyín?"

"Ó ní eyín."

"Ẹni tó fẹ́ bá ohun tó ní eyín jà, ṣé kò wá yẹ kó bo ibẹ̀ yẹn ni?"

Ìyá mi tó ń ká aṣọ nínú yàrá bú sẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti jókòó. Àmọ́ ọ̀rọ̀ bàbá mi kì í ṣe àwàdà lásán. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí máa ń yà kí i nínú àgbàlá yẹn. Mo bá mú búrọ́ọ̀ṣì, mo wọ ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ fún akọni náà, mo sì họ ọnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti aṣọ òfì Ìsẹ́yìn. Ó bá a mu. Àwọn tó kù náà gba aṣọ tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi ló ń yan ọnà.

Ó ṣẹ́ ku ìkòkò kan, èyí tó tóbi jù. Patron ti sọ ìtàn rẹ̀ fún mi ní Vridi, níbi tí àwọn káfíńtà ti ń kan òrùlé rẹ̀ lórí wa. Ọkùnrin kan lọ sógun, ogun parí, òkun kò sì jẹ́ kó délé. Nílé, àwọn ọkùnrin ìlú rọ́ wọ àgbàlá rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹran rẹ̀, wọ́n ń mu ọtí rẹ̀, wọ́n ní kí ìyàwó rẹ̀ mú ọ̀kan nínú àwọn fẹ́. Obìnrin náà ní ó dára, àmọ́ kí òun kọ́kọ́ hun aṣọ ìsìnkú bàbá ọkọ òun tán. Ní ọ̀sán ó ń hun ún. Tí wọ́n bá sùn, á tú u.

Mo ya obìnrin náà níwájú òfì rẹ̀, mo sì ń họ fọ́nrán òwú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ìyá mi ti ọjà dé. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó wò ó.

"Kíjìpá nìyí," ó ní.

"Màmá, ti Gíríìkì ni."

"Mo ní kíjìpá ni. Ṣé o ò rí i bí òfì yẹn ṣe dúró gbọnrangandan ni? Ti àwọn ọkùnrin máa ń nà gbalaja sílẹ̀. Ti àwa obìnrin ló ń dúró. Irú rẹ̀ ló fara ti ògiri nínú yàrá ìyá mi."

Ó jókòó sílẹ̀ láì tú gèlè. Mi ò gbọ́ ọ rí pé ìyá ìyá mi hun aṣọ. Ó ní àwọn ọmọ ló máa ń ran òwú, pé ariwo igi òfì ló ń jí àwọn láàárọ̀, àti pé ìyá òun kì í sọ̀rọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ tọ́ka sí ìkòkò. "Èyí ńkọ́? Aṣọ ta ló ń hun?"

Mo sọ ìtàn náà fún un, Yorùbá díẹ̀, Faransé díẹ̀. Ibi tí Yorùbá mi bá ti gé, mo ń fi ọwọ́ ṣe é.

"Ìgbà wo lọkọ rẹ̀ wá dé?"

"Ogún ọdún ló fi retí rẹ̀."

"*Vingt ans?*" Ìyá mi dìde dúró. "Ó ń hun ún, ó ń tú u, fún *vingt ans?*"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí."

"Obìnrin yẹn ní sùúrù o. Èmi ò ní. Èmi ò tú aṣọ kankan. Mo wọ ọkọ̀ wá bá a ni."

Mo gbé irin ọwọ́ mi sílẹ̀. "Ẹ wọ ọkọ̀ wá bá ta?"

Ó fi ẹnu tọ́ka sí bàbá mi tó jókòó sórí àpótí rẹ̀. "Ta ni ìbá tún jẹ́?"

Ohun tí mo mọ̀ láti kékeré ni pé àwọn òbí mi ti Ìsẹ́yìn wá. Mo rò pé wọ́n jọ wá ni. Lọ́jọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ pé ìgbéyàwó wọn kò tíì pẹ́ tí bàbá mi fi sọ pé òun ń lọ ṣòwò ní Abidjan, pé Iléyá tó ń bọ̀ ni òun yóò padà wá mú ìyàwó òun. Iléyá yẹn dé, ó kọjá. Òmíràn tún kọjá. Bí ẹnì kan bá ti Abidjan dé, á ní ọkọ rẹ ní ká kí ọ. Aṣọ ń dé, ọṣẹ ń dé, àmọ́ ọkọ kò dé. Ọkùnrin aránṣọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú ọ̀nà wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ẹbí rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwe bá a sọ̀rọ̀.

"Mo ta ewúrẹ́ mi," ìyá mi sọ. "Mo sọ fún ìyá ọkọ mi pé mo fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣakí. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mo wọ̀. Ata gígún ló kó, orí àpò ata ni wọ́n fi mí sí. Mo sín láti Kútọnu títí dé Accra. Ọlọ́pàá ibodè kan tiẹ̀ ní kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀, ó rò pé àìsàn ni."

"Ẹ gbọ́ Faransé nígbà náà?"

"Faransé wo? Mo ń pariwo 'Ìsẹ́yìn, Ìsẹ́yìn' káàkiri ọjà Treichville bí ẹni ń kiri nǹkan. Ẹnì kan bá fà mí lọ́wọ́, ó mú mi dé ìdí ìsọ̀ kan. Bàbá yín kọ̀yìn sí mi, ó ń to abọ́. Mo ní, 'Ẹ kú ọjà o.' Kò wẹ̀yìn. Ó ní, 'Ẹ káàbọ̀, kí lẹ fẹ́ rà?'"

Ó wo bàbá mi.

"Mo ní, 'Ọkọ ni.'"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Bàbá, kí lẹ wá ṣe?"

"Abọ́ ọwọ́ mi já bọ́," bàbá mi sọ jẹ́jẹ́.

"Gbogbo ìsọ̀ ló dà wó!"

"Abọ́ kan ni, Ìyá wọn."

Wọ́n bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ abọ́ náà fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, mo bi bàbá mi ní ohun tó ti wà lẹ́nu mi látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò fi padà lọ mú ìyàwó rẹ̀.

Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ewé máńgòrò kan mọ́lẹ̀. "Ojú ló ń tì mí," ó ní. "Mo ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọjọ́ tí mo bá padà, ẹ̀rọ ìránṣọ ni màá gbé bọ̀ fún un. Ọdọọdún ni mò ń wò ó pé ọwọ́ mi á tó o. Kò tó o."

Ìyá mi yíjú sí i. Mo rí i lójú rẹ̀ pé òun náà ò gbọ́ èyí rí.

"Ẹ ò sọ fún mi."

"O ò bi mí. Ọjọ́ tí o dé, omi lo béèrè, o mu ún tán, o ní kí n fi ibi tí wọ́n ń dáná hàn ọ́."

"Ta ló ní ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo fẹ́?" ìyá mi sọ, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó tú gèlè rẹ̀ níkẹyìn, ó ká a lé itan, kò sì kúrò níbẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀ǹgàríbì.

Àwọn ìkòkò inú ìwé patron, púpọ̀ nínú wọn ló ní ìtàn méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ̀yìn ìkòkò oníkíjìpá náà ṣì ṣófo. Lọ́jọ́ kejì, mo ya ọkọ̀ akẹ́rù kan sí i, àpò ata lórí rẹ̀, obìnrin kan ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Níwájú rẹ̀, ọkùnrin kan kọ̀yìn sí i láàárín abọ́. Mo ya abọ́ kan tó ń já bọ́, ìyá mi ní kí n fi kún un, mo fi kún un. Ó dúró fún mi kí n lè wo bí ó ṣe ń gbé ẹrù.

"Má sọ imú mi di ṣóṣóró bíi tiwọn o," ó kìlọ̀.

Patron wá fi ọkọ̀ kó àwọn ìkòkò. Ní Vridi, ó tò wọ́n, ó ń yí wọn wò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ akọni oníkìnnìún, ó dúró.

"Ta ló wọ ṣòkòtò fún un?"

"Bàbá mi."

Ó gbé irunmú rẹ̀ sókè sódò. "Bàbá rẹ ṣe dáadáa. Oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ níbí."

Ó yin obìnrin olófì náà, ó fọwọ́ kan àwọn fọ́nrán òwú. Lẹ́yìn náà ó yí ìkòkò padà, ó wo ọkọ̀ akẹ́rù náà pẹ́.

"Mi ò mọ ìtàn yìí. Èwo ni?"

Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ. Nígbà tí mo dé ibi "Ọkọ ni," ó lu itan rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ó wá jókòó lórí àpótí ẹja, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyàwó tèmi ò hun nǹkan kan," ó ní. "Kò sì wọ ọkọ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́, patron? Ẹ padà lọ bá a?"

"Rárá."

Ọkọ̀ ńlá kan ń gba inú kánáàlì wọlé, ó ga ju gbogbo ilé àyíká lọ. A wò ó títí ó fi kọjá. Lẹ́yìn náà ni patron dìde, ó yí ìkòkò náà, ó kọ ọkọ̀ akẹ́rù sí ojú ọ̀nà, ó sì kọ òfì sí inú ilé.

Ọjọ́ tó ṣí maquis náà, àwọn òbí mi wá. Bàbá mi jẹ ẹja àti attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, ó tún ní kí wọ́n bu òmíràn. Àwọn atukọ̀ láti ilẹ̀ Éṣíà kún tábìlì kan, patron sì lọ fa ìyá mi lọ́wọ́, ó mú un dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó ń pariwo pé òun nìyí, òun gan-an nìyí. Wọ́n ní kó sọ ìtàn náà. Kò jáyà. Yorùbá ló fi sọ ọ́, pẹ̀lú ọwọ́ àti ojú. Mo fi Faransé túmọ̀ rẹ̀ fún patron, patron fi Gẹ̀ẹ́sì àwọn atukọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ìyẹn ni ẹ̀rín fi dé ní ìpele ìpele. Bàbá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, patron tẹ̀ lé e, ó túmọ̀ rẹ̀, gbogbo tábìlì yẹn wá hó gèè. Ìyá mi máa ń dúró dè wọ́n kó tó sọ èyí tó kàn. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí iṣẹ́. Ilé oúnjẹ kan ní Bingerville fẹ́ ìkòkò tiwọn. Ilé ìwé kan níbẹ̀ náà wá ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán, mo sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá mi kò sọ ọ́ mọ́ pé mò ń kun nǹkan. Ó ń sọ pé ìtàn ni mò ń kọ.

Nígbà tí ìlú gbóná, àwọn ọkọ̀ dín kù ní Vridi, patron sì ti maquis rẹ̀. Ó padà sílé ní Gíríìkì, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó pín àwọn ìkòkò fún àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, àmọ́ ó fi mátírẹ́ẹ̀sì wé èyí tó tóbi jù, ó gbé e lọ. Ó pè mí lórí fóònù lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ó ní àwọn aṣọ́bodè ìlú òun tú mátírẹ́ẹ̀sì náà, wọ́n rí obìnrin olófì, wọ́n sì dá òun dúró. Wọ́n ní ohun àtijọ́ ni, ta ló fún òun láṣẹ láti máa gbé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kiri. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n bá òun yí i padà.

"Wọ́n yí i," ó ní. "Wọ́n rí ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀gá wọn bi mí pé ìgbà wo ni àwọn baba ńlá wa ra mọ́tò."

Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fà mí láṣọ kí n sọ ohun tó wí fún òun. Mo sọ ọ́. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí etí, ó sì fi Yorùbá kí patron àti gbogbo àwọn aṣọ́bodè náà pé wọ́n kú iṣẹ́.